Èsì: «Ọmọró» kọ́, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀wọ́ fóníìmù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo ilé.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kà á láìdá sí i. Mo rò pé yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi bí lẹ́tà àná ṣe tún dáná sí i. Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa kan, àgbà olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní kí a gba "fóníìmù" (ìyẹn orúkọ tí a ń pe ìró tó lè ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn) lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí a fi "ọmọró" rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni fóníìmù, ìtìjú sì ni kí a máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ìró Yorùbá. Àbúrò wa kan ní London gbè wọ́n lẹ́yìn, ó ní àwọn Ìgbò ò yá tiwọn, mkpụrụụda ni wọ́n ń pè é, kí ló wá ṣe Yorùbá? Ẹlòmíràn ní "ìró-èdè" lásán ti tó. Ẹnì kan sì tún yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní bí a bá máa lo fóníìmù náà, kí a kúkú máa pe èyí tó jẹ mọ́ ohùn ní "ohùníìmù". Ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú onítọ̀hún ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má kà á sí àrífín. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tí mo mú wá kò pọ̀, kò ju ohùn kan ṣoṣo lọ: ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ì inú ìró. Níbo lẹ gbé e sí?

Ọmọ àti ìyá, bí a bá pè wọ́n pọ̀, ta ló ń sọ "ọmọyá"? Ọmọọ̀yá là ń sọ. Ilé àti ìwé di iléèwé. Fáwẹ̀lì ì lè pa rẹ́, ó lè gbé àwọ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bá a kú. Ó máa ń wá ibì kan jókòó sí. Ọmọ àti ìró, bí a bá tẹ̀lé òfin tí àwọn ìyá wa kọ́ wa láìṣí ìwé, ọmọọ̀ró ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Nínú èyí tí ẹ kọ, ẹ̀gbọ́n, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ò sí mọ́, ohùn àárín ló kù. Inú ìró kọ́ ni ohùn àárín ti máa ń jáde. Inú oró ni. Oró ejò, oró àkeekèé, ẹni tó ń dáni lóró. Ọmọ oró lẹ bí fún wa, ẹ sì ní kí olùkọ́ JSS 1 máa kọ ọ́ sójú pátákó.

Àwọn kan ti fèsì pé inú gbólóhùn ni yóò ti yé ènìyàn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó sọ ohun tó ya igbá kúrò lára igba, tó ya ìgbà kúrò lára ìgbá, òun fúnra rẹ̀ ni a ó wá máa tì wọ inú gbólóhùn kí a tó mọ̀ bóyá ìró ló jẹ́ tàbí oró! Ká má tilẹ̀ tíì sọ pé ìró alára ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìró ìbọn wà, ìró ìlù wà, ìró tí ìyàwó mi ń ró mọ́ bùbá wà, ohùn kan náà sì ni gbogbo wọn gbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ohùn sílẹ̀ ná, nítorí ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi fẹ́ lé fóníìmù jáde kò dúró rárá. Ta ló ní Gẹ̀ẹ́sì ni? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, yíyá ni wọ́n yá a, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó yá a. Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1873. Ọ̀gbẹ́ni Dufriche-Desgenettes, tí àwọn ènìyàn ò fi bẹ́ẹ̀ rántí fún ohun mìíràn, ló gbé phonème síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè níbẹ̀. Ohun tó ń wá kò ju ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí yóò dúró fún Sprachlaut tí àwọn ará Jámánì ń lò, ìyẹn ìró tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Pé ìró kan lè ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, ìyẹn ò sí nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ní kí a máa lo "ìró-èdè", kí ó mọ̀ pé 1873 ló ń dá wa padà sí. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sára ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ló ní kí a dà nù.

Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọkùnrin náà ti lọ ṣa igi iṣẹ́ rẹ̀. Phōnē ni ohùn, phōnein ni kí ènìyàn fọhùn, phōnēma sì ni àfọ̀, ohun tó ti ẹnu jáde. Ibi tó dùn mọ́ mi nìyí, ẹ gbà mí láyè. Àfòmọ́, ìyẹn ègé tí a lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rọ̀, tó wà nínú phōnēma, -ma ni. Òun náà ló wà nínú poíēma, ohun tí a ṣe, àti grámma, ohun tí a kọ. Ē tó ṣáájú rẹ̀, ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni, kò sí nínú àfòmọ́. Àwọn tó gbà á lò lẹ́yìn náà ò wo ìyẹn. Wọ́n gé e sí phon àti ème, bí ẹni tó fẹ́ já àfòmọ́ lórí igi òro tó gé ẹ̀ka igi mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni -ème ti ń dá rìn káàkiri ayé. Baudouin de Courtenay, onímọ̀ èdè kan tí ìtàn rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, fi ṣe morpheme, tí àwa ń pè ní mọ́fíìmù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ tó ní ìtumọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e fi ṣe lexeme fún ọ̀rọ̀ àti toneme fún ohùn. Ní 1954, Kenneth Pike, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, tún gé e lẹ́ẹ̀kan sí i: ó mú phonemic àti phonetic, ó gé iwájú àwọn méjèèjì dànù, emic (ojú tí onílé fi ń wo àṣà rẹ̀) àti etic (ojú tí àlejò fi ń wò ó) ló ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń kọ́ nípa àṣà ènìyàn ń lo méjèèjì títí di òní, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé ìdí ọ̀rọ̀ nípa ìró ẹnu ni.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yóò sọ: bí àwọn yẹn bá lè ṣi àfòmọ́ gé tí ayé sì gbà á, kí ló dé tí èmi ò lè gbé ohùn kan mì? Ìdáhùn mi ni pé nígbà tí wọ́n ṣi ìyẹn gé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá phonème jọra létí wọn tí yóò tì í ṣubú. Àwa ní oró.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn rẹ̀, nítorí ó kan Áfíríkà. Ferdinand de Saussure, onímọ̀ èdè ọmọ Switzerland, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lórí fáwẹ̀lì ayé àtijọ́ nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ. Ìwé náà dé ọwọ́ onímọ̀ èdè mìíràn, Kruszewski, ní Kazan, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ Baudouin, ọmọ Poland, wá yí inú ọ̀rọ̀ náà padà. Lójú Baudouin, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni fóníìmù. Ohun tó ti ẹnu jáde lè yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, ọkàn ẹni tó sọ ọ́ yóò ṣì kà á sí ọ̀kan. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ Daniel Jones, onímọ̀ ìró èdè, ní London.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àbúrò wa tó wà ní London fetí sí. Sol Plaatje dé ìlú yẹn ní 1914. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni, akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí ANC. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé e wá: òfin 1913 tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá ìjọba sọ. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó bá Jones jókòó, ó ń pe èdè Setswana fún un, Jones ń fi àmì ìpè kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì jọ tẹ ìwé kíkà kan jáde ní 1916. Ní 1917, Jones dúró níwájú ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè kan ní London láti ṣàlàyé ìró Setswana, ó ní fóníìmù 28 ló jọ pé ó wà nínú rẹ̀, pé ìró tàbí agbo kéékèèké ti ìró ni wọ́n, tí wọ́n lè ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ní ìtumọ̀ tí a fi ń lò ó lónìí. Èdè aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣàlàyé, ẹnu ọmọ Áfíríkà ni wọ́n sì fetí sí. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ìtìjú ni!

Ẹ tún wo ohun tí Jones sọ: agbo ìró. Ìyẹn nìkan tó láti pa "ọmọró", kódà bí ẹ bá tún ohùn rẹ̀ ṣe. Fóníìmù kì í ṣe ọmọ. Òun ni agboolé. Àwọn ọmọ inú agbo náà, a ti ní orúkọ fún wọn tipẹ́, ẹ̀dà-fóníìmù ni wọ́n ń jẹ́ ní gbogbo yàrá ìkàwé. Bí ẹ bá wá pe agboolé ní ọmọ, kí lẹ fẹ́ máa pe ọmọ? Ọmọ-ọmọró?

Mo fẹ́ kí ohun tí mò ń sọ yé àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí àwọn ló pọ̀ jù láàárín wa. Ẹ mú ní, ẹ mú owó: lówó. Ní àti aṣọ: láṣọ. Ní àti ilé: nílé. Oní àti ẹja di ẹlẹ́ja, oní àti ìlù di onílù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n jókòó kọ́ pé kí ó sọ n di l níbí, kí ó fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ló ń pinnu. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba imú jáde pẹ̀lú fáwẹ̀lì náà, n la ó gbọ́. Bí kò bá gba imú, l ni. Í tó wà nínú nílé, ẹ di imú yín mú kí ẹ pè é, ẹ ó rí i. Fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, light àti night jìnnà síra wọn bí Ọ̀yọ́ ṣe jìnnà sí Èkó. Lẹ́nu tiwa, agboolé kan náà ni l àti n ti jáde. Nínú Setswana tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan, l àti d ló ń ṣe irú eré yìí: bí i tàbí u bá tẹ̀ lé l, d ni yóò dún. Tàbí ẹ wo ọn àti an. A ń kọ ìbọn, ọ̀pọ̀n, gbọ́n, a sì ń kọ ìtàn, ikán, ọ̀sán. Lẹ́nu púpọ̀ nínú wa, fáwẹ̀lì kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ètè ni ìyàtọ̀. Níbi tí kọ́ńsónáǹtì bá ti lo ètè, ọn la kọ.

Àwọn tó fi àkọtọ́ wa lélẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ fóníìmù kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1875 ni àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Dufriche-Desgenettes kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, kò sì dájú pé ẹnì kankan níbẹ̀ ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹni tó ní kí a fi p nìkan kọ ìró tó wà níbẹ̀rẹ̀ pápá àti pẹ̀lẹ́, tí kò fi kp dà á láàmú, ohun tó ń sọ ni pé Yorùbá ò ní p mìíràn tí yóò bá èyí jà. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ sábẹ́ s kan tó sì fi òmíràn sílẹ̀, ó gbọ́ pé sá àti ṣá ò jọ ara wọn. Ẹnì kan sá fún ọ, ẹnì kan ṣá ọ; kò yẹ kí èèyàn ṣi méjèèjì mú.

Àfi ní Ìbàdàn, kẹ̀. Ìyá bàbá mi, Ìbàdàn ni wọ́n ti lo ayé wọn, kò sí ṣ lẹ́nu wọn rárá. Bí wọ́n bá ń ròyìn ìjà àdúgbò, tí wọ́n ní "ó sá a", àwa ọmọ a máa bi wọ́n léèrè bóyá ó sá fún un ni tàbí ó fi àdá ṣá a. Wọn a wò wá bí ẹni wo aláìlétí: "Àdá ló mú dání, ẹ̀yin ò gbọ́ ni?" Mo mọ̀ pé àwọn ẹni-inú-gbólóhùn yóò fi èyí bá mi wí. Ẹ máa bá mi wí. Ìyá àgbà kò jókòó dá ọ̀rọ̀ tuntun fún odidi orílẹ̀-èdè, èdè tí wọ́n jogún ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí láyè láti wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó dá a. Àwọn àgbà bíi ti ìyá àgbà yẹn ṣọ̀wọ́n lónìí. Bí ọmọ bá ṣi ohùn pè níwájú wọn, wọn kì í ṣàlàyé, wọ́n kàn máa tún un pè ni, wọn a sì tún un pè títí ojú ó fi tì ọ́.

Nípa yíyá ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nígbà tí fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ bá ń wá irú ara wọn, tí è kì í fẹ́ jókòó ti ọ̀, kí la ń pè é? Àǹkóò fáwẹ̀lì. Gbogbo wa ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ó rí bí ọjọ́ ìnáwó tí gbogbo ẹbí wọ aṣọ kan náà. Ẹ̀gbọ́n gan-an lò ó nínú lẹ́tà tí wọ́n fi bú fóníìmù. Àǹkóò yìí, láti ibo ló ti wá? Wọ́n ní "and Co." tí àwọn oníṣòwò òyìnbó máa ń kọ sẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ni. Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ẹ ò sọ pé kí a lé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ pé àwọn aṣáájú wa nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọ̀lẹ. Èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, tí wọ́n kó jọ, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè Yorùbá, ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, orúkọ rẹ̀ nìkan ti fi iṣẹ́ hàn. Àrànmọ́, níbi tí ìró kan ti ń dà bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń ràn. Ìpàrójẹ ń pa ìró jẹ lóòótọ́. Àfòmọ́ tí mo ti ń lò láti òkè wá, ta ló lè rí i lórí igi tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe lára ọ̀rọ̀? Àwọn tó ń lo irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí náà ni wọ́n fi fonọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa ètò ìró èdè) àti fóníìmù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìwé tí Bámgbóṣé tẹ̀ jáde ní 1990, Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá ló pè é. Níbi tí Yorùbá ti ní ohun tó bá a mu, wọ́n lo Yorùbá. Níbi tí ohun tí a ní yóò ti ṣi ènìyàn lọ́nà, wọ́n yá, wọ́n sì fi ohùn Yorùbá sí i lórí.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí àwọn kan nínú wa tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ kì í wo ọjọ́ orí ènìyàn. Ti ẹni tó ní ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́nńbélé lòun, pé ẹnu òun ni òṣùwọ̀n, mi ò ní fèsì sí i níhìn-ín, nítorí àwọn ará Èkìtì tó wà láàárín wa ti fèsì tó, Ìjẹ̀bú méjì sì ti dá sí i. Ẹ má tún dá ogun Kírìjì sílẹ̀ lórí ulé àti ilé.

Àbúrò mi ti London, mkpụrụụda dára. Mkpụrụ ni kóró èso, ụda ni ìró. Ó dùn, ó sì bá ìlànà èdè Ìgbò mu. Ṣùgbọ́n lọ bi ọmọ ilé-ìwé wọn kí ni mkpụrụụda, ìró tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni yóò sọ fún ọ, àti fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì. Àwa náà ní ìyẹn: ìró fáwẹ̀lì, ìró kọ́ńsónáǹtì, ìró ohùn, wọ́n wà nínú gbogbo ìwé. Ohun tí fóníìmù tún ń sọ lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Bí o bá sì ń wá ẹni tí a ó fara wé, àwọn tó ń sọ Swahili, tí kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ èdè wọn, fonimu ni wọ́n ń pè é.

Ìwọ "ohùníìmù". Ta ló bí ọ? Ohùn ti Yorùbá, -íìmù ti àwọn tó gé ẹ̀ka igi mọ́ àfòmọ́, o wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí bàtà tí wọ́n fi táyà tún ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jẹ́ àyálò, kí ó jẹ́ odidi àyálò, kí ó máa jẹ́ tóníìmù. Bí ó bá fẹ́ jẹ́ Yorùbá, ohùn ń bẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ya ìtumọ̀; a ò nílò ìrù fún un.

Ẹnì kan tún bèèrè pé ṣé fóníìmù ni ká kọ ni tàbí fónìímù. Òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo olùkọ́ tí mo jókòó tì, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́fíìmù. Ẹni tó ní fónìímù sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ tí òun lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fíìmù tí à ń wò ní sinimá bá jẹ́ òkè tó já sí ìsàlẹ̀, mi ò rí ìdí tí èyí yóò fi gbòdì.

Ó wá ku ẹni tí mo kọ́kọ́ fi èsì yìí hàn, tó fi ilá àti iná dá mi lóhùn kí n tó fi í síbí. Ó ní bí l àti n bá jẹ́ ọmọ agboolé kan, báwo ni ilá ṣe yàtọ̀ sí iná? Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e ju ọmọró lọ. Tèmi ni pé á inú iná ń gba imú, á inú ilá kò gbà á. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, n kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún mi tí l ti ṣáájú fáwẹ̀lì àránmúpè, irú èyí tí a bá kọ lan tàbí lin, ẹ ò ní rí i. Ó ní rárá, pé n ló kọ́kọ́ gba imú tó sì ran fáwẹ̀lì, nítorí náà n ni fóníìmù, fáwẹ̀lì ló ń tẹ̀ lé e. Ó ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló dé tí a ò kọ ọ́ ní ilán?

Mo ní àkọtọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ní èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi p ṣe ẹ̀rí lókè ni. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹni tó bá gbọ́ lan níbikíbi, yálà ní Àkókó, ní Ìlàjẹ, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, kí ó fi ohùn rẹ̀ sí i lórí, kí ó sì sọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ.